"Yá" àti "Kọ́" Nínú Ìdánwò Ògbufọ̀: Àríwísí Kan

Èrò kan wọ́pọ̀ láàrin àwa olùkọ́: pé èdè Yorùbá kò fi ìyàtọ̀ sáàrin ẹni tí ó yáni lówó àti ẹni tí ó yá owó, nítorí pé "yá" kan náà ni a ń lò fún àwọn méjèèjì, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ní "lend" àti "borrow". Bákan náà ni a ń sọ nípa "kọ́", tí Gẹ̀ẹ́sì pín sí "teach" àti "learn". A kò fara mọ́ èrò yìí.

Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn gbólóhùn wọ̀nyí:

(i) Adé yá Olú ní owó.
(ii) Adé yá owó lọ́wọ́ Olú.
(iii) Adé kọ́ Olú ní ìlù lílù.
(iv) Adé kọ́ ìlù lílù lọ́wọ́ Olú.

Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò ní mọ ẹni tí ó jẹ gbèsè nínú (i) àti (ii). Nínú (i) àti (iii), ẹni tí ó gba nǹkan ni ó tẹ̀lé ọ̀rọ̀-ìṣe, "ní" sì ṣáájú ohun tí ó gbà. Nínú (ii) àti (iv), ohun náà ni ó tẹ̀lé ọ̀rọ̀-ìṣe, "lọ́wọ́" sì tọ́ka sí ẹni tí ó ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá. Ìyàtọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì fi ọ̀rọ̀-ìṣe méjì ṣe, ìhun gbólóhùn ni Yorùbá fi ṣe é. Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ti ṣe irú rẹ̀ rí: nígbà ayé Shakespeare, "learn" a máa dúró fún kíkọ́ ẹlòmíràn pẹ̀lú.

Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kọ "borrow me your pen" kì í ṣe òpè. "Yá mi ní pẹ́ẹ̀nì rẹ" ni ó wà lọ́kàn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ni ó túmọ̀, kò túmọ̀ gbólóhùn. Àwa ni a kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, nígbà tí a to ọ̀rọ̀ sí ojú pátákó ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tí a sì kọ "borrow" nìkan sí iwájú "yá".

Ìbéèrè tí ó ní kí a túmọ̀ "yá" nìkan kò ní ìdáhùn kan ṣoṣo. Olùyẹ̀wò tí ó bá fagi lé "lend" ti rẹ́ ọmọ náà jẹ. Odindi gbólóhùn ni ó yẹ kí a máa fi dán wọn wò, kí máàkì sì wà fún "ní" àti "lọ́wọ́".

Kí a má sì fojú kékeré wo àmì abẹ́ fáwẹ̀lì. Ohùn kan náà ni "lówó" inú "yá Olú lówó" àti "lọ́wọ́" inú "yá owó lọ́wọ́ Olú" ní. Àmì ìsàlẹ̀ nìkan ni ó yà wọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fo àmì yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ olówó di ajigbèsè.