Níbi Tí Ọwọ́ Bá Ti Hàn: Jíjẹ àti Mímu ní New Orleans

Bí ẹ bá dé New Orleans, ẹ má fi pátákó ìta yan ilé oúnjẹ. Ibi tí òṣìṣẹ́ dúró sí ni kí ẹ wò. Bí ó bá ń ṣiṣẹ́ níbi tí ojú oníbàárà ti tó o, tí kò sì kánjú, ẹ wọlé kí ẹ jókòó. Ìlú etí odò Mississippi yìí kún fún ìlù àti fèrè débi pé àlejò máa ń rò pé fàájì nìkan ni wọ́n mọ̀ níbẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ló gbé fàájì náà ró.

Casamento's wà ní òpópónà Magazine. Joe Casamento, ọmọ Ítálì, ló dá a sílẹ̀ ní 1919. Táìlì ló fi bo ilẹ̀ àti ògiri rẹ̀ kí ó má baà ṣòro láti fọ̀. Ọ́ísítà ni wọ́n fi lórúkọ, ẹran omi jọ̀bọ̀tọ̀ tó ń gbé láàárín ìkarahun méjì tó padé mọ́ra gbágbá. Ẹni tó ń là á kì í fi agbára ya ìkarahun náà. Oríkèé ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń fi ọ̀bẹ kúkúrú wá. Bí ẹnu ọ̀bẹ bá ti ráyè wọbẹ̀, ó yí ọwọ́ díẹ̀, ìkarahun là. Yóò wá gé iṣan tó so ẹran mọ́ ìkarahun òkè, yóò sì gé ti ìsàlẹ̀. Níbẹ̀ la ti ń mọ ọ̀gá: ẹran kò gbọdọ̀ ya, omi oníyọ̀ inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ dànù, ẹ̀rún ìkarahun kò sì gbọdọ̀ bá yín lẹ́nu.

Iṣẹ́ ìdáná ṣòroó wò ju ìyẹn lọ, nítorí inú ìkòkò ló ń parí sí. Ahọ́n ni yóò jẹ́rìí rẹ̀. Ẹ lọ sí Dooky Chase's ní àdúgbò Treme, tó ti wà láti 1941. Leah Chase, ìyàwó ilé náà, ló sọ ọ́ di ilé oúnjẹ olókìkí. Nígbà tí òfin kò fẹ́ kí aláwọ̀ dúdú àti funfun bára wọn jẹun, òkè ilé náà ni àwọn tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ti ń pàdé, tí wọ́n ń jẹ ọbẹ̀ gumbo rẹ̀ bí wọ́n ti ń gbèrò.

Ìyẹ̀fun tí wọ́n yan nínú òróró ni ìpìlẹ̀ ọbẹ̀ yìí. Ẹni tó ti yan gàrí rí mọ ìyà tó wà níbẹ̀: ọwọ́ kò gbọdọ̀ kúrò, ojú kò gbọdọ̀ yẹ̀. Bí ó bá ṣe ń pọ́n sí i ni adùn rẹ̀ ń jinlẹ̀, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ láti mú ọbẹ̀ ki ń dínkù, alásè sì ní láti mọ ibi tí yóò ti dúró. Bí ó bá jóná pẹ́nrẹ́n, dídànù ni. Àwọn kan ń fi ilá mú un ki, ilá tó bá àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti Áfíríkà débẹ̀. Àwọn mìíràn ń fi ewé sassafras lílọ̀, tí wọ́n kọ́ lọ́dọ̀ àwọn Choctaw, ọmọ onílẹ̀ agbègbè náà. Ìyẹn kò gbọdọ̀ hó lórí iná, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ yóò máa yọ̀ ju bó ṣe yẹ. Ní 2008, Barack Obama da ata olómi sí gumbo tirẹ̀, Ìyá Leah sì bá a wí lójú ẹsẹ̀. Kò jọ mí lójú. Ẹni tó dúró ti ìkòkò tó bẹ́ẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ kí a tọ́ ọ wò ná. Ìyá náà kú ní 2019. Ẹbí rẹ̀ ṣì ń dáná.

Bí ilẹ̀ bá ṣú, Sazerac Bar nínú ilé ìtura Roosevelt ló kàn. Ife méjì ni agbọ́tí fi ń po ọtí tí wọ́n ń pè ní Sazerac. Ó da yìnyín sí ọ̀kan kí ó lè tutù. Nínú èkejì, ó fi omi kíkorò Peychaud's rẹ hóró ṣúgà, ó tẹ̀ ẹ́ fọ́, ó da wisikí ráì àti yìnyín sí i, ó rò ó jẹ́jẹ́. Ó wá da yìnyín ife àkọ́kọ́ nù, ó fi ọtí Herbsaint díẹ̀ ṣan inú rẹ̀ yíká, ó da ìyẹn náà nù: òórùn nìkan ló fẹ́. Ó sẹ́ wisikí sínú rẹ̀ láìsí yìnyín, ó lọ́ èèpo lẹ́mọ́ọ̀nù lókè rẹ̀ kí òróró èèpo náà fọ́n sójú ọtí.

Ẹni tí kì í mutí kò pàdánù. Ní Hansen's Sno-Bliz, ẹ̀rọ tí Ernest Hansen fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe láàárín ọdún 1930 sí 1939 ló ṣì ń fá yìnyín, àwọn omi dídùn tí wọ́n ń bù sí i ni wọ́n sì ń sè fúnra wọn.

Àwọn ilé wọ̀nyí kì í ta ohun tí àsìkò rẹ̀ kò tíì tó. Casamento's máa ń ti ilẹ̀kùn nígbà ooru. Hansen's ní tirẹ̀ kì í ṣí nígbà òtútù. Ọjọ́bọ̀ Mímọ́ sì ni Dooky Chase's ń se gumbo ẹlẹ́fọ̀ọ́, tí iye oríṣi ẹ̀fọ́ inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ pín sí méjì dọ́gba. Nítorí náà, bí owó ọkọ̀ bá gba ẹ̀ẹ̀kan péré, ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Àjíǹde ni kí ẹ lọ.