Eré Ni Mo Fi Ń Kọ́ Wọn Ní Ìwé Kíkà

Nínú gbogbo iṣẹ́ tí olùkọ́ ń ṣe láti ìgbà tí agogo ilé ìwé bá ti dún títí di ìgbà tí a óò gbàdúrà ìjáde, kò sí èyí tí ó dùn mọ́ mi tó fífi eré kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní ní ìwé kíkà, àní àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, aṣọ òbí, èrè ìgbéyàwó, tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kúrò lẹ́yìn ìyá wọn. Bí a bá kọ A, B, D sára pátákó tí a ní kí wọn máa ké e tẹ̀lé wa, wọn óò ké e tí ohùn wọn yóò dé ọjà. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ìwé fún ọ̀kan nínú wọn, ẹ óò rí i pé ìlà kẹta ni ìka rẹ̀ wà nígbà tí ẹnu rẹ̀ ti dé ìlà karùn-ún. Ó ti há a sórí, ojú rẹ̀ kò rí nǹkan kan níbẹ̀.

Etí ni èmi máa ń kọ́ ṣáájú ojú. Mo ní gángan kékeré kan, awọ ewúrẹ́ tí ń fọhùn bí ènìyàn, tí mo máa ń há sí abíyá bí a bá jáde sábẹ́ igi máńgòrò. Bí ìlù bá sọ̀ sísàlẹ̀, gbogbo ọmọ a lóṣòó. Bí ó bá wà láàárín, wọn a dúró ṣánṣán. Bí ó bá ròkè, wọn a nawọ́ sójú ọ̀run. Mo lù ú ní dò-dò, wọ́n lóṣòó, wọn kò dìde: bàtà nìyẹn. Mo lù ú ní dò-mí, wọ́n lóṣòó, wọ́n fò sókè, àwọn ọmọ onílù inú wọn a sì ti máa jó sí bàtá kí n tó pè é.

Páálí bísíkíìtì tí mo gé ni ó kàn, tí mo kọ lẹ́tà àti àmì ohùn sí. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ilé, ọmọ tí é kàn yóò sáré gbé àmì tirẹ̀ wá, ṣùgbọ́n ọwọ́ òfìfo ni ti ẹni tí i kàn, nítorí ohùn àárín kì í gba àmì, ọ̀rọ̀ ọwọ́ òfìfo yìí a sì máa pa wọ́n lẹ́rìn-ín púpọ̀. Lẹ́tà 25 ni a ní, GB sì ni ó ń dá wọn lágara jù. Mo máa ń ní kí ẹni tí ó gbé G di ẹni tí ó gbé B lọ́wọ́ mú. Ẹni tí ó bá dá nìkan dé ìdí pátákó, kò rí àyè gbà. Ní ti àmì abẹ́ lẹ́tà, hóró àgbàdo ni mo ń pín: owó wà lórí ẹní, ẹni tí ó bá fẹ́ kí ó di ọwọ́ yóò fi hóró kọ̀ọ̀kan sábẹ́ o méjèèjì. (Mo ti ṣíwọ́ àgbàdo yíyan, wọ́n ń jẹ àmì mi.)

Olùkọ́ tí kò mọ ohun tí eré kọ̀ọ̀kan fẹ́ kọ́ ọmọ, ariwo lásán ni yóò máa pa, eré tí kò sì parí sínú ìwé ṣíṣí, èmi kò kà á sí. Bẹ́ẹ̀ ni kò lè yọrí bí kì í bá ṣe ní èdè tí ọmọ ti gbọ́ láti ilé. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Níbẹ̀ gan-an ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní 1970, fún ọdún 6 gbáko, tí àwọn ọmọ náà kò sì rẹ̀yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé ìwé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ̀ǹda ìwọ̀nba àkókò fún wa lábẹ́ igi lójoojúmọ́. Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe ju páálí yín nù. Ẹ fi rán ọmọ sí wa.