Ìyìn fún Àwọn Ọlọ́wọ́ Mímọ́

Àwọn tí ń wa wúrà ni a sábà máa ń kì bí a bá dárúkọ Jóhánẹ́sìbọ̀gì, ṣùgbọ́n èmi fẹ́ kan sáárá sí àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn tí ń nu ilẹ̀ ilé ìwòsàn ibẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2008, wọ́n fi bàálù gbé obìnrin aláìsàn kan débẹ̀ láti Lusaka ní Sáḿbíà, láìmọ̀ pé kòkòrò tí a ń pè ní Lujo lónìí ni ó ń bá a fínra. Kí ojú tó mọ́ kedere sí ọ̀rọ̀ náà, ó ti ran òṣìṣẹ́ tí ó tọ́jú rẹ̀ lójú ọ̀nà, ó ran nọ́ọ̀sì kan, ó ran obìnrin tí ó tún yàrá rẹ̀ ṣe (ẹni tí ìtàn sábà máa ń gbàgbé), ó sì ran nọ́ọ̀sì tí ó tọ́jú òṣìṣẹ́ ojú ọ̀nà náà. Nínú àwọn márààrún, nọ́ọ̀sì ìkẹyìn yìí, tí wọ́n fún ní oògùn ribavirin, nìkan ni ó yè.

Ọwọ́ ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́; bẹ́ẹ̀ náà ni korobá anulẹ̀ ṣe jẹ́ ẹgbẹ́ abẹ́rẹ́ dókítà. Ọgbọ́n ìbọ̀wọ́ tí ó ń dáàbò bo àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí pàápàá wà nínú bíbọ́ rẹ̀ ju wíwọ̀ rẹ̀ lọ, nítorí ìta rẹ̀ tí ó ti kan ẹ̀jẹ̀ kò gbọdọ̀ kan ara: a óò fi ọwọ́ tí ó wà nínú ìbọ̀wọ́ fa èkejì bọ́, a óò ki ìka bọ abẹ́ èyí tí ó kù, a óò yí inú rẹ̀ síta, lẹ́yìn náà ni a óò fọ ọwọ́.