Ìmọ́lẹ̀, Àwọ̀ Ara àti Aṣọ: Lámèyítọ́ lórí Yíyan Irinṣẹ́ Fọ́tò fún Ayẹyẹ Yorùbá

Ọ̀pọ̀ ìjíròrò tí ó ń wáyé láàárín àwọn onífọ́tò nípa irinṣẹ́ ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí kámẹ́rà fúnra rẹ̀, bí ẹni pé orúkọ ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é àti iye owó tí wọ́n rà á ni yóò sọ bí fọ́tò yóò ti rí. Àmọ́ ohun tí ó ń pinnu ìrísí fọ́tò ayẹyẹ ni irú ìmọ́lẹ̀ tí ó wà níbẹ̀, àwọ̀ ara ẹni tí wọ́n ń yà, aṣọ tí ó wọ̀, àti ohun tí àwọn tí ó ni ayẹyẹ náà fẹ́ kí aráyé rí. Èrò tí àpilẹ̀kọ yìí gbé kalẹ̀ ni pé lẹ́ńsì, fláàṣì àti ìmọ̀ nípa bí kámẹ́rà ṣe ń wọn ìmọ́lẹ̀ ni ó yẹ kí onífọ́tò kọ́kọ́ ronú lé, kí kámẹ́rà sì kẹ́yìn. Àti pé àṣà tí ó gbòde báyìí, ìyẹn sísọ gbogbo ohun tí ó wà lẹ́yìn ènìyàn di bàìbàì, ń ta ko ojú tí Yorùbá fi ń wo àwòrán ènìyàn láti ọjọ́ pípẹ́.

Ojú náà kò ṣàìní àkọsílẹ̀. Ní ọdún 1973, Robert Farris Thompson, onímọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà tí ó ti bá ọ̀pọ̀ Yorùbá sọ̀rọ̀ nípa ohun tí wọ́n fi ń mọ ère tí ó dára, kọ ọ́ sílẹ̀ pé lára òṣùwọ̀n wọn ni jíjọra, ìyẹn ni pé kí ère jọ ènìyàn láìjọ ẹnìkan pàtó lájọjù; ìfarahàn, ìyẹn ni pé kí gbogbo ẹ̀yà ara hàn kedere; dídán, ìyẹn ni pé kí ara ère máa tàn; àti ọ̀dọ́, ìyẹn ni pé kí ère fi ènìyàn hàn ní ìgbà tí agbára rẹ̀ pé. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà ni Stephen Sprague gbé àpilẹ̀kọ jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà African Arts nípa bí àwọn Yorùbá ṣe ń fi fọ́tò wo ara wọn, tí Ìlá Ọ̀ràngún sì wà lára ibi tí ó ti ṣe ìwádìí rẹ̀. Ó ṣàpèjúwe fọ́tò iyì àwọn àgbà: ẹni tí wọ́n ń yà jókòó, ó kọjú sí kámẹ́rà gbọn-in, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún, ó la ẹsẹ̀ kí aṣọ lè tẹ́ dáadáa, gbogbo ara rẹ̀ láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀ sì wà nínú àwòrán. Sprague rí i pé irú òṣùwọ̀n tí àwọn ènìyàn fi ń wo ère ni wọ́n ń fi wo fọ́tò pẹ̀lú. Bí a bá mú òṣùwọ̀n wọ̀nyí ní òótọ́, wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtàn lásán mọ́. Wọ́n di ìlànà tí a lè fi yan lẹ́ńsì.

Ohun méjì ni ó ṣe pàtàkì jù nínú lẹ́ńsì. Èkíní ni gígùn rẹ̀, tí wọ́n ń fi mìlímítà wọ̀n: lẹ́ńsì 24 máa ń kó ohun púpọ̀ sínú àwòrán, 50 máa ń rí nǹkan ní ìwọ̀n tí kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti ojú ènìyàn, 200 sì máa ń fa ohun tí ó jìnnà súnmọ́ tòsí. Èkejì ni ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, tí wọ́n ń fi lẹ́tà f àti nọ́ńbà kọ. Bí nọ́ńbà náà bá ṣe kéré tó ni ihò ṣe tóbi tó, ihò ńlá sì máa ń gba ìmọ́lẹ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń dín àyè tí yóò hàn kedere níwájú àti lẹ́yìn ibi tí wọ́n dojú lẹ́ńsì kọ kù. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Lórí kámẹ́rà tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ tóbi tó fíìmù àtijọ́, bí lẹ́ńsì 85 bá wà ní f/1.4, tí ẹni tí wọ́n ń yà sì wà ní mítà 2 sí i, àyè tí yóò hàn kedere kò tó sẹ̀ǹtímítà 5. Bí ojú ìyàwó bá mọ́ kedere, etí rẹ̀ yóò ti máa di bàìbàì, ìdí gèlè rẹ̀ lẹ́yìn yóò sì ti parẹ́ sínú ìkùukùu. Ní ọ̀nà jíjìn kan náà, lẹ́ńsì 50 ní f/8 yóò fún un ní bíi sẹ̀ǹtímítà 77, èyí tí ó tó láti fi gbé ènìyàn tí ó jókòó hàn láti orúnkún títí dé ẹ̀yìn àga.

Ibi yìí ni ó ti yẹ kí lámèyítọ́ sọ̀rọ̀ láìfi bò. Onífọ́tò tí ó ṣí ihò lẹ́ńsì rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu láti ìbẹ̀rẹ̀ òde títí dé òpin rẹ̀ ń pa ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ pè é run. Bí ọgọ́rùn-ún ènìyàn bá wọ aṣọ ẹbí kan náà, ọ̀rọ̀ tí aṣọ náà ń sọ ni pé ẹni tí ó ń ṣe òde ní ènìyàn lẹ́yìn. Bí fọ́tò bá sọ gbogbo ènìyàn wọ̀nyẹn di àwọ̀ rúdurùdu lẹ́yìn ojú kan ṣoṣo, ó ti fi ẹni náà hàn bí aláìlẹ́nìkan. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí nígbà tí ọkọ ìyàwó àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú àwọn òbí ìyàwó: ìtumọ̀ ìṣe náà wà láàárín ẹni tí ó wà nílẹ̀ àti ẹni tí ó wà lórí àga, nítorí náà àwọn méjèèjì ni ó gbọ́dọ̀ hàn, lẹ́ńsì 35 ní f/5.6 tàbí f/8 sì ni ó bá a mu. Èyí kò sọ pé ihò ńlá kò ní àkókò tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ń wé gèlè fún ìyàwó nínú yàrá, tí ẹrù àti àpótí kún ilẹ̀, ihò ńlá yóò mú ìdọ̀tí yàrá kúrò lójú, kò sì ní mú ohun kankan tí ó ní ìtumọ̀ lọ. Lẹ́ńsì fífẹ̀ náà ní ewu tirẹ̀: bí onífọ́tò bá fi 24 ya ẹbí ńlá láti tòsí, àwọn tí ó dúró ní ìpẹ̀kun méjèèjì yóò fẹ̀, orí wọn yóò sì gùn sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì sábà máa ń jẹ́ pé àwọn tí kò rọrùn láti ní kí wọ́n tún padà wá dúró ni irú rẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀ sí. Kí onífọ́tò sún sẹ́yìn pẹ̀lú 35 tàbí 50 ni ó dára jù.

J. D. ’Okhai Ojeikere, onífọ́tò tí ó gbé ayé láti 1930 sí 2014, fi iṣẹ́ rẹ̀ lórí irun dídì, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1968, ṣe ẹ̀rí ohun tí ìfarahàn lè ṣe. Àwọn orí tí ó yà láti ẹ̀yìn tàbí láti ẹ̀gbẹ́, ní dúdú àti funfun, pẹ̀lú ẹ̀yìn tí kò ní ohunkóhun nínú, mọ́ kedere dé ibi pé ènìyàn lè ka ìlà irun. Ó mú ohun tí kò fẹ́ kúrò lẹ́yìn kí ó tó tẹ kámẹ́rà, kò sì fi lẹ́ńsì bò ó mọ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀ ni ó lọ́rọ̀ jù nínú gbogbo ohun tí iṣẹ́ yìí ń gbé yẹ̀ wò, òun náà sì ni àwọn onífọ́tò kì í sábà sọ. Òṣùwọ̀n inú kámẹ́rà kò mọ ohun tí ó wà níwájú rẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ni pé kí ó ka gbogbo ìran sí àwọ̀ eérú tí ó wà ní agbedeméjì funfun àti dúdú, èyí tí ń dá bí ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ padà. Nítorí náà, bí gbogbo ẹbí bá wọ léèsì funfun, kámẹ́rà yóò rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, yóò sì dín in kù, léèsì yóò di aláwọ̀ eérú, ojú àwọn ènìyàn yóò sì dúdú débi tí ẹnu àti imú kò ní yàtọ̀ síra. Onífọ́tò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi ìmọ́lẹ̀ kún un, bí ìlọ́po méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òdìkejì rẹ̀ ni ẹtù, aṣọ òkè aláró tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú: kámẹ́rà yóò fi ìmọ́lẹ̀ kún un títí aṣọ àwọn àgbà yóò fi ṣá, nítorí náà ó yẹ kí onífọ́tò dín in kù. Sányán, tí àwọ̀ rẹ̀ kò jìnnà sí agbedeméjì, ni kámẹ́rà kì í sábà ṣì wọ̀n. Àlàárì ní ìṣòro ọ̀tọ̀, nítorí pé àwọ̀ pupa inú rẹ̀ lè kún àkúnya lórí sẹ́ńsọ̀ nígbà tí àwọn àwọ̀ yòókù ṣì wà ní ìwọ̀n, tí gbogbo ọnà inú aṣọ yóò sì di pupa kan báyìí. Ẹni tí ó ń ya àlàárì ní láti máa wo ìlà pupa nínú àtẹ ìmọ́lẹ̀ tí kámẹ́rà máa ń fi hàn, kì í ṣe ìlà àpapọ̀ nìkan. Láàárín gbogbo aṣọ wọ̀nyí, ojú ènìyàn ni ó yẹ kí wọ́n wọ̀n, kí wọ́n sì gbé òṣùwọ̀n náà lé orí ojú kan pàtó dípò gbogbo ìran.

Ìtàn wà lẹ́yìn ìṣòro yìí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ilé ìfọ-fọ́tò ń lo káàdì tí Kodak fi ránṣẹ́ sí wọn láti fi ṣètò àwọ̀, obìnrin aláwọ̀ funfun tí wọ́n ń pè ní Shirley ni ó sì wà lórí rẹ̀, débi pé àwọ̀ ara obìnrin náà di òdiwọ̀n fún gbogbo ènìyàn. Lára ohun tí ó sún ilé-iṣẹ́ náà láti ṣàtúnṣe fíìmù rẹ̀ ni ẹ̀sùn àwọn tí ń ta ṣokoléètì àti àga onígi, tí wọ́n ní àwọ̀ ọjà wọn kò hàn dáadáa. Ó dunni pé ojú ènìyàn dúdú nìkan kò tó ẹ̀sùn. Ní 2021, Google gbé fóònù Pixel 6 jáde pẹ̀lú ètò tí ó ní wọ́n ṣe kí àwọ̀ ara dúdú lè hàn bí ó ti rí. Èyí dára, ṣùgbọ́n onífọ́tò kámẹ́rà ní ohun tí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ lọ́wọ́: fáìlì RAW, tí ó ń pa gbogbo ohun tí sẹ́ńsọ̀ rí mọ́ láìjẹ́ pé kámẹ́rà ti bá onífọ́tò pinnu àwọ̀. Ẹni tí ó bá ń ya òde tí àwọ̀ ara àwọn ènìyàn rẹ̀ ti orí pupa dé orí dúdú mìnìjọ̀ kò gbọdọ̀ fi JPEG nìkan ya á. Nípa dídán, ara dúdú ni ó ń tàn jù bí ìmọ́lẹ̀ bá ti ẹ̀gbẹ́ wá láti orísun tí ó fẹ̀, bí ojú fèrèsé tàbí agboòrùn fláàṣì, nítorí pé ìtànṣán tí ó ń dán lórí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni ó ń gbé ìrísí ojú jáde.

Nínú gbọ̀ngàn àríyá lálẹ́, ọ̀rọ̀ yí padà. Fláàṣì tí ó kọjú sí ènìyàn tààrà máa ń mú kí òógùn àti àtíkè tàn, ó sì máa ń sọ ẹ̀yìn di òkùnkùn, nítorí pé bí nǹkan bá jìnnà sí fláàṣì ní ìlọ́po méjì, ìdá kan nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ náà ni yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kíkọ fláàṣì sí àjà funfun ni ọ̀nà tí ó rọrùn, àmọ́ lábẹ́ kánópì tí wọ́n fi aṣọ aláwọ̀ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, àwọ̀ aṣọ náà ni yóò bọ́ sí ojú àwọn ènìyàn. Níbẹ̀, fláàṣì kejì lórí ìdúró, pẹ̀lú agboòrùn funfun, ni ó yẹ. Iná mànàmáná ilẹ̀ Nàìjíríà ń yí ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí náà ọ̀pọ̀ gílóòbù ń ṣẹ́jú ní ìgbà 100. Bí kámẹ́rà bá ṣí fún 1/50 tàbí 1/100 ìṣẹ́jú-àáyá, ìlà dúdú kò ní sábà gba inú àwòrán kọjá, ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ tí ẹrù wọ̀ lọ́rùn lè da ìṣirò yìí rú. Nígbà tí wọ́n bá ń náwó fún olórin tàbí olóde, fláàṣì tí agbára rẹ̀ kò pọ̀, tí ó ń tàn wáí tí ó sì ń kú, ni yóò dá owó dúró nínú afẹ́fẹ́.

Ní ayẹyẹ Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní ọjọ́ kẹta Iléyá, oòrùn ni ó pọ̀ jù. Ó ń dúró sí àtàrí, fìlà àti gèlè sì ń da òjìji bo ojú, nítorí náà fláàṣì tí àwọn kan rò pé alẹ́ nìkan ni ó wà fún wúlò níbẹ̀ gan-an. Fún àwọn ẹlẹ́ṣin, lẹ́ńsì 70 sí 200 pẹ̀lú 1/1000 ìṣẹ́jú-àáyá ni ó tó. Fọ́tò Farooq Oreagba lórí ẹṣin, tí ó tàn káàkiri ayé ní 2024, fa ojú mọ́ra nítorí pé ẹni náà, aṣọ rẹ̀, ẹṣin àti ohun ọ̀ṣọ́ ara ẹṣin ni wọ́n jọ hàn. Iyì ẹlẹ́ṣin kò sí ní ojú rẹ̀ nìkan.

Eégún kò gba irú ìlò bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá fi 1/1000 ya eégún tí ó ń yí, aṣọ rẹ̀ yóò dúró gbagidi bí aṣọ inú ilé àkójọ-ohun-ìṣẹ̀ǹbáyé, ohun tí ó sì jẹ́ eégún gan-an, ìyẹn ìjì tí aṣọ ń dá sílẹ̀, yóò ti lọ. Láti 1/30 sí 1/60, kí kámẹ́rà máa tẹ̀lé eégún bí ó ṣe ń yí, ni ó bá ẹ̀mí ìran náà mu, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ àwòrán yóò bàjẹ́ kí ọ̀kan tó jọ. Lẹ́ńsì gígùn ń jẹ́ kí onífọ́tò yẹra fún ẹgba àti fún agbo ijó tí kò yẹ kí ó wọ̀, ṣùgbọ́n kò rọ́pò ìyọ̀ǹda agbo ilé tí ó ni eégún. Ibi tí ìṣẹ̀ṣe bá ti ní kí ojú má rí, bíi ti Orò, kò sí irinṣẹ́ tí ó tọ́ níbẹ̀.

Lẹ́yìn gbogbo èyí ni ọ̀rọ̀ kámẹ́rà tó kàn. Sẹ́ńsọ̀ ńlá jẹ́ mìlímítà 36 ní 24. Èyí tí wọ́n ń pè ní APS-C jẹ́ nǹkan bíi 23.5 ní 15.6. Ńlá náà fi díẹ̀ ju ìlọ́po méjì kékeré lọ ní fífẹ̀, àǹfààní ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n láti ara lẹ́ńsì tí ó bá kámẹ́rà wá nínú páálí, tí ó sábà máa ń wà ní f/5.6 bí wọ́n bá fà á dé òpin, bọ́ sí 50 tí ihò rẹ̀ jẹ́ f/1.8, ìmọ́lẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́wàá, owó tí lẹ́ńsì yìí yóò sì gbà kéré púpọ̀ sí ti kámẹ́rà onísẹ́ńsọ̀ ńlá. Sẹ́ńsọ̀ kékeré tún ní ohun tí ó wúlò fún ìfarahàn: bí ihò lẹ́ńsì àti ohun tí ó wà nínú àwòrán bá dọ́gba, àyè tí ó hàn kedere nínú tirẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ohun tí ó yẹ kí onífọ́tò òde fi owó wá nínú kámẹ́rà ni ihò káàdì méjì, kí ìgbéyàwó tí kò ṣeé tún ṣe má bàa ṣègbé sínú káàdì kan tí ó bàjẹ́. Kí ó sì ní bátìrì tí ó tó, nítorí pé kámẹ́rà aláìnídígí, tí ojú ìwòran rẹ̀ ń tan iná nígbà gbogbo, máa ń jẹ bátìrì ju ti onídígí àtijọ́ lọ. Ẹni tí ó bá ń ra lẹ́ńsì tòkúnbọ̀ gbọ́dọ̀ tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀yìn rẹ̀, kí ó sì wo inú rẹ̀ dáadáa, nítorí pé ọ̀rinrin ilẹ̀ olóoru máa ń jẹ́ kí ebu hù láàárín dígí bí òwú aláǹtakùn, ìnáwó àtúnṣe rẹ̀ sì lè ju iye tí wọ́n ra lẹ́ńsì lọ.