Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọmọ Lórúkọ: Lámèyítọ́ Ọwọ́ Tí A Fi Ń Mú Ọ̀rọ̀ Gíríìkì àti Látìnì Nínú Ẹ̀kọ́ Sáyẹ́ǹsì

Ìfáàrà

Nínú ọ̀pọ̀ àkọsílẹ̀ tí a fi ń kọ́ àwọn tó ń múra láti di olùkọ́ sáyẹ́ǹsì, tábìlì kan kì í wọ́n: orúkọ ẹ́límẹ́ǹtì lápá òsì, àmì rẹ̀ láàárín, “orúkọ Látìnì” rẹ̀ lápá ọ̀tún. Irin ni Fe nítorí ferrum, wúrà ni Au nítorí aurum, òjé ni Pb nítorí plumbum. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò há a sórí, yóò dà á sínú ìwé ìdánwò, ọ̀rọ̀ bùṣe. Èrò méjì tó rọ̀ mọ́ irú ẹ̀kọ́ báyìí ni iṣẹ́ yìí ń tako. Èkíní ni pé ọ̀rọ̀ Gíríìkì àti Látìnì péye ju ọ̀rọ̀ èdè mìíràn lọ, pé Yorùbá kò lè ní irú rẹ̀. Èkejì ni ti àwọn tó fẹ́ gbé Yorùbá ga, tí wọ́n ń túmọ̀ orírun ọ̀rọ̀ náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì gbà pé àwọn ti túmọ̀ ìmọ̀ náà.

Ohun tí ojú rí ni ẹnu sọ

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ẹ̀yà ara. Musculus tí Látìnì ń pe iṣan kò ju “eku kékeré” lọ. Ó jọ pé bí iṣan apá ṣe ń sáré lábẹ́ awọ ló mú wọn pè é bẹ́ẹ̀. Tibia, egungun ojúgun, jẹ́ fèrè. Acetabulum, ihò tí orí egungun itan wọ̀ sí ní ìbàdí, jẹ́ ife kékeré tí wọ́n ń bu ọtí kíkan sí lórí tábìlì oúnjẹ. Duodenum, ìbẹ̀rẹ̀ ìfun kékeré, wá láti ara “méjìlá,” nítorí pé Herophilus ará Alẹkisáńdíríà wọn gígùn rẹ̀ ní ìbú ìka méjìlá. Ẹni tó bá gbọ́ ìtumọ̀ wọ̀nyí yóò rí i pé ojú, ọwọ́ àti ohun èlò ilé ni wọ́n fi sọ ẹ̀yà ara lórúkọ.

Ohun kan náà ni àwọn baba wa ṣe. A ní ọrùn ọwọ́ àti ọrùn ẹsẹ̀. Látìnì náà ní cervix, ìyẹn ọrùn, tí àwọn dókítà ń lò fún ọrùn ilé ọmọ. Èyí tó yani lẹ́nu jù ni ọmọlójú. Pupilla ní Látìnì jẹ́ ọmọdébìnrin tàbí ọmọlangidi; kórē ní Gíríìkì jẹ́ ọmọbìnrin. Ẹni tó bá wo inú ẹyinjú ẹlòmíràn yóò rí àwòrán ara rẹ̀ níbẹ̀, kékeré bí ọmọ. Yorùbá kò yá ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Àwọn kan yóò ní “iṣan” kò péye, nítorí a ń lò ó fún ohun tó ń gbé ẹ̀jẹ̀, fún ẹran ara tó ń fà, àti fún okùn tó so ẹran mọ́ egungun. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n neûron ní Gíríìkì pẹ̀lú jẹ́ okùn ara àti ọsán ọrun kí ó tó di orúkọ ohun tó ń gbé ìmọ̀lára. Ìwádìí ló yà wọ́n sọ́tọ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀. Bí a bá sọ pé iṣan ẹ̀jẹ̀, a ti bẹ̀rẹ̀ irú ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀.

Orúkọ tó ṣi ilé wò

Ẹ̀rí pé orúkọ kì í ṣe ìmọ̀ wà nínú àwọn orúkọ tó kùnà. Artēría ni àwọn Gíríìkì kọ́kọ́ fi ń pe ọ̀nà èémí. Wọ́n tún lò ó fún iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ti ọkàn jáde, nítorí nínú òkú, iṣan wọ̀nyí sábà máa ń ṣófo, àwọn ọ̀mọ̀ràn kan sì gbà pé afẹ́fẹ́ ló ń gba inú wọn kọjá. Ní ọ̀rúndún kejì ni Galen fi àyẹ̀wò lára ẹranko alààyè hàn pé ẹ̀jẹ̀ ló wà níbẹ̀. Èrò náà kú, orúkọ rẹ̀ kò kú.

Ọ́síjìn ńkọ́? Lavoisier ló fi ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì sọ ọ́ lórúkọ: “kíkan” àti “bí” gẹ́gẹ́ bí ìyá ṣe ń bímọ. Ó gbà pé kò sí ásíìdì tí kò ní in nínú. Ní 1787, òun, Guyton de Morveau, Berthollet àti Fourcroy gbé ètò orúkọ tuntun fún kẹ́mísìrì jáde. Ní 1810, Humphry Davy fi hàn pé ásíìdì tí a ń pè ní háídírókílọ́ríìkì lónìí kò ní ọ́síjìn rárá.

Níbi yìí ni èrò kejì ti fọ́. Bí ẹni tó ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ bá tú ọ́síjìn sí “a-bí-kíkan,” àṣìṣe Lavoisier ló gbé fún ọmọ wa. Nínú “ọ́síjìn” tí a yá, àṣìṣe náà sùn; nínú ìtumọ̀ ẹyọ-ẹyọ, ó jí. Háídírójìn, “a-bí-omi,” ṣeé tú ní tirẹ̀, nítorí bí ó bá jó, omi ló ń dà.

Káún àti eérú

Ẹ padà sí tábìlì wa: Na, natrium, K, kalium. Àwọn ará Róòmù kò mọ irin méjèèjì yìí rí. Davy ló kọ́kọ́ yà wọ́n sọ́tọ̀ ní 1807. Kalium wá láti ọ̀rọ̀ Lárúbáwá fún eérú ewéko, natrium láti ara natron. Natron yìí kì í ṣe àjèjì: ọmọ ìyá káún ni. Eérú ewéko náà ni àwọn tó ń ṣe ọṣẹ dúdú ń rí nínú èèpo kòkó àti ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n sun. Nítorí náà sódíọ̀mù wà nínú káún, pòtásíọ̀mù wà nínú omi eérú. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì tí a ń sọ lọ́jà ń pe káún ní potash, akẹ́kọ̀ọ́ sì ń rò pé pòtásíọ̀mù ni òun ń bù sínú ẹ̀wà. Yorùbá tó pe ọ̀kan ní káún, tó pe èkejì ní eérú, kò ṣi wọ́n mú.

Àgbálọgbábọ̀

A kò ní kí a pa tábìlì náà rẹ́. A ní kí olùkọ́ béèrè ohun mẹ́ta lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan: kí ni ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ rí? Ṣé ó rí i dáadáa? Kí ni ìmọ̀ òde òní fi í pè? Ìdáhùn kejì ni kí ẹni tó ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fi pinnu bóyá yóò tú u, yóò yá a, tàbí yóò lo ọ̀rọ̀ tí ìyá àgbà ti ń lò tẹ́lẹ̀. Ìbéèrè ìdánwò tó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣàlàyé ìdí tí káún kò fi yẹ ní potash yóò kọ́ ọ ní kẹ́mísìrì ju èyí tó ní kí ó to orúkọ Látìnì mẹ́wàá lọ.