Ìtumọ̀ Àwọn Ọ̀rọ̀ Tí A Fi Ń Pa Ọjọ́ Ìsinmi Mọ́: Àyẹ̀wò Fún Àwọn Oníwàásù

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, nínú ìjọ àkọ́kọ́ tí a fi sí ìkáwọ́ wa, a wàásù lórí òfin kẹrin. A ka Ẹ́kísódù 20, a sì fi ohùn líle sọ fún ìjọ pé ẹni tó bá ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ Sọ́ńdè ti rú òfin Ọlọ́run. Lẹ́yìn ìsìn, arábìnrin kan tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà. Ibi iṣẹ́ òru ni ó ti wá tààrà sí ilé Ọlọ́run láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó ní, "Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni mo wá lọ dá lóru àná?" Èsì tí a fún un kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Nígbà tí a délé, ọmọdébìnrin tí ń bá wa ṣiṣẹ́ ilé ti gbé oúnjẹ ka orí tábìlì. Kò lọ sí ìsìn, nítorí ẹnì kan ní láti se oúnjẹ tí àwa tí a pa ọjọ́ ìsinmi mọ́ yóò jẹ.

Ìwàásù yẹn ni a fẹ́ yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí, nítorí a ṣì ń gbọ́ irú rẹ̀ lórí pẹpẹ, a sì ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa nígbà ìdánrawò ìwàásù. Ìtara kò wọ́n nínú rẹ̀. Ohun tó wọ́n ni pé kí oníwàásù dúró, kí ó bi àwọn ọ̀rọ̀ inú ẹsẹ náà léèrè ohun tí wọ́n ń sọ.

Ọ̀rọ̀ kìíní ni "ọjọ́ ìsinmi" fúnra rẹ̀. Lẹ́nu àwa Kristẹni Yorùbá, ó ti di orúkọ ọjọ́ Sọ́ńdè. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé "ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi". Ṣùgbọ́n nínú Bíbélì, ọjọ́ keje ni, láti ìgbà tí oòrùn bá wọ̀ ní ọjọ́ Ẹtì títí di ìgbà tí ó bá wọ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ẹni tó bá ka Mátíù 28:1 yóò rí i pé ọjọ́ ìsinmi ti kọjá kí ọjọ́ kìíní ọ̀sẹ̀ tó mọ́. Nínú odindi Bíbélì Yorùbá tó jáde ní 1884, iṣẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ìtumọ̀ ni wọ́n fún Sábáàtì, kí àgbẹ̀ tí kò mọ̀wé lè gbọ́ ohun tí ọjọ́ náà wà fún. Iṣẹ́ rere ni. Ìṣòro wà níbi tí ìjọ ti gbé orúkọ kan náà lé ọjọ́ mìíràn lórí. Ẹni tó bá gbọ́ òfin kẹrin ní Yorùbá, Sọ́ńdè ni ọkàn rẹ̀ ń lọ, kò sì fura pé a ti ṣí òfin náà nípò.

Ìjọ ní ìdí tirẹ̀ láti pé jọ ní ọjọ́ kìíní, ìyẹn ni àjíǹde Olúwa. Ìṣe 20:7 àti 1 Kọ́ríńtì 16:2 fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ hàn wá. Ṣùgbọ́n kò sí ibi kankan nínú Májẹ̀mú Tuntun tí a ti pe ọjọ́ náà ní Sábáàtì. Ní ọdún 321, Ọba Constantine ti Róòmù pàṣẹ pé kí àwọn adájọ́ àti àwọn ará ìlú ńlá sinmi ní ọjọ́ Sọ́ńdè, ó sì fàyè gba àwọn àgbẹ̀ láti ṣiṣẹ́ oko wọn. Àṣẹ ọba nìyẹn, kì í ṣe wàláà Mósè. Oníwàásù tó bá fẹ́ kí àwọn ènìyàn wá sí ìsìn ní Sọ́ńdè, kí ó wàásù ibojì tó ṣófo. Ó tó.

Ọ̀rọ̀ kejì ni "sinmi". Bí a bá gbọ́ pé ẹnì kan ń sinmi, a gbà pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n shabat ni ọ̀rọ̀ Hébérù inú Jẹ́nẹ́sísì 2:2, ohun tó sì kọ́kọ́ túmọ̀ sí ni kí nǹkan dáwọ́ dúró. Òun náà ló wà ní Jóṣúà 5:12 níbi tí mánà ti dáwọ́ dúró, kò sì sí ẹni tí yóò sọ pé ó rẹ mánà. Aísáyà 40:28 ti sọ fún wa pé àárẹ̀ kì í mú Ọlọ́run. Nítorí náà, ọjọ́ náà kò dúró lé àárẹ̀. Ó jẹ́ ọjọ́ tí ènìyàn yóò ká ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí iṣẹ́ tí kò tíì tán, kí ó lè jẹ́wọ́ pé kì í ṣe òun ló gbé ayé ró.

Ọ̀rọ̀ kẹta jẹ́ mẹ́ta nínú ọ̀kan. Ẹ́kísódù 20:8 lo zakor, èyí tí í ṣe rántí. Diutarónómì 5:12 lo shamor, èyí tí í ṣe ṣọ́. Ẹsẹ 15 nínú orí kan náà lo asah, èyí tí í ṣe ṣe. Nígbà tí Ọlọ́run rántí Nóà ní Jẹ́nẹ́sísì 8:1, ó rán afẹ́fẹ́ sórí omi. Yorùbá mọ irú ìrántí yìí dáadáa. Bí ìyá àgbà bá sọ fún ọmọ rẹ̀ tó wà ní Èkó pé "Rántí mi o", ọwọ́ ọmọ náà ló ń retí. Shamor ni iṣẹ́ tí a gbé fún Ádámù nínú ọgbà, òun náà sì ni Káínì sá fún nígbà tí a bi í léèrè arákùnrin rẹ̀. "Pa mọ́" tí a ń lò lè jẹ́ kí a rò pé ohun tí a fi pamọ́ sínú àpótí ni, bí ẹni pa owó mọ́. Ṣùgbọ́n olùṣọ́ kì í ṣọ́ nǹkan fún ara rẹ̀ nìkan. Ní ti asah, a kò jìnnà sí i rárá, nítorí àwa náà ń sọ pé a ń ṣe ọdún. Kò sí ẹni tí í dá ọdún ṣe. Bí olówó bá ṣe ọdún tí ebi sì ń pa ará ilé rẹ̀, ìlú yóò bú u.

Èyí gbé wa dé ọ̀rọ̀ kẹrin, tí a kì í sábà gbọ́ lórí pẹpẹ. Ẹ́kísódù 31:17 sọ pé Ọlọ́run dáwọ́ iṣẹ́ dúró, ó sì fi nafash kún un. Ọ̀rọ̀ yìí bá nefesh tan, èyí tí a fi ń pe ẹ̀mí àti ọkàn. Ohun tó ń sọ ni kí ènìyàn mí kanlẹ̀. Ìgbà mẹ́ta péré ni ó jáde nínú gbogbo Májẹ̀mú Láéláé. Ọ̀kan wà fún Dáfídì nígbà tó ń sá fún Ábúsálómù. Ọ̀kan wà fún Ọlọ́run. Ìkẹta, ní Ẹ́kísódù 23:12, wà fún ọmọ ìránṣẹ́bìnrin àti àlejò. Ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí Ìwé Mímọ́ lò fún Ẹlẹ́dàá ni ó lò fún ọmọ ẹrúbìnrin. Diutarónómì 5:14 sọ ìdí rẹ̀ gbangba: kí ìránṣẹ́ lè rí irú ìsinmi tí ọ̀gá rẹ̀ rí. Nítorí náà, ìbéèrè tí òfin náà ń bi wá ju "Ǹjẹ́ o wá sí ìsìn?" lọ. Ó ń béèrè ẹni tí kò lè mí nítorí wa.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn wà ní Hébérù 4:9. Láti orí kẹta ni òǹkọ̀wé náà ti ń lo katapausis, ṣùgbọ́n ní ẹsẹ yìí ó yí i padà sí sabbatismos, ìyẹn ṣíṣe Sábáàtì. Kò sí ibòmíràn nínú Májẹ̀mú Tuntun tí ọ̀rọ̀ yìí wà. Bíbélì wa lo "ìsinmi" fún méjèèjì, ìyàtọ̀ náà sì fara pamọ́. Àwọn kan fi ẹsẹ yìí pàṣẹ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Àwa ẹ̀wẹ̀ sọ ọ́ di ẹsẹ ìsìnkú, nítorí a ń sọ nípa òkú pé ó ti sinmi. Ṣùgbọ́n ẹsẹ 3 ní àwa tí a gbàgbọ́ ń wọ inú rẹ̀, ẹsẹ 7 sì ní lónìí ni. Ẹni tó bá wà nínú Kristi ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Sábáàtì yìí.

Ẹnì kan lè sọ pé, bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ká máa ṣiṣẹ́ lọ láìdúró. Rárá o. Róòmù 14:5 àti Kólósè 2:16 kò jẹ́ kí a fi ọjọ́ dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́, ṣùgbọ́n wọn kò sọ ènìyàn di ẹ̀rọ. Àwa pásítọ̀ gan-an la jẹ̀bi jù. A ń ṣe ìṣọ́ òru lọ́jọ́ Ẹtì, ìpàdé àwọn òṣìṣẹ́ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ìsìn méjì lọ́jọ́ Sọ́ńdè, a sì ń pe àìsùn wa ní ìfòróró-yàn. Ẹni tí kò lè dáwọ́ dúró kò tíì gbà pé Olúwa ló ni ìjọ.

A fẹ́ràn láti máa wàásù Lúùkù 13 níbi ìpàdé ìdáǹdè. Ọdún 18 ni obìnrin náà fi tẹ̀ ba. Olórí sínágọ́gù ní kí ó wá ní ọjọ́ mìíràn, Jésù sì fi yé e pé ọjọ́ ìsinmi gan-an ló yẹ kí a tú u sílẹ̀. Bí nọ́ọ̀sì yẹn bá tún bi wá léèrè, ibẹ̀ ni a óò ṣí fún un. A ó sọ fún un pé ẹni tó ń ran aláìsàn lọ́wọ́ láti mí kò rú òfin, a ó sì béèrè ọjọ́ tí òun náà fi ń sinmi. Ṣùgbọ́n a gbọ́ pé wọ́n ti gbé e lọ sí ìlú mìíràn, a kò sì tún rí i mọ́. Èyí tí ọwọ́ wa tó ni a ṣe. Ní ilé wa báyìí, ọjọ́ Àbámẹ́ta ni a ń se ọbẹ̀ Sọ́ńdè, ẹni tó bá jẹun ló ń fọ àwo rẹ̀, gbogbo wa la sì jọ ń lọ sí ìsìn.