Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ Inú Ìgò

Àwa tí a ń gbé Itele, tí a sì ń ná Sángo Ọ̀tà lójoojúmọ́, ọtí ilé iṣẹ́ kò ṣàjèjì sí wa. Ilé iṣẹ́ ọtí Sona wà lọ́hùn-ún kó tó bọ́ sọ́wọ́ Nigerian Breweries lọ́dún 2011, àwọn kan náà tó gbé ìgò Star àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 1949. Bíà wọn mọ́ gaara, nítorí wọ́n ti sẹ́ ìwúkàrà inú rẹ̀ kúrò, wọ́n sì ti fi ooru pa èyí tó bá ṣẹ́kù, ọgbọ́n tí a jogún lọ́dọ̀ Louis Pasteur ará Faransé. Gáàsì rẹ̀ ti pé nínú rẹ̀ kí wọ́n tó dé e. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọtí tí ọkàn mi fẹ́ jù ni èyí tó ṣì ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tí a ti dé e tán: ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tí a pọn nílé, tí a rọ sígò, tí a sì fi sílẹ̀ kó gbó.

Àgbàdo ni ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. A ó rẹ ẹ́ sómi, a ó fi ewé bò ó títí yóò fi hù, a ó sá a, a ó lọ̀ ọ́, a ó sè é, a ó sì sẹ́ ẹ. Híhù yẹn ni gbogbo agbára rẹ̀, torí òun ló ń sọ inú àgbàdo di ohun dídùn tí ìwúkàrà lè jẹ. Bí ìwúkàrà bá ti jẹ ẹ́, ó di ọtí, ó sì di gáàsì. Nínú ìkòkò tí ẹnu rẹ̀ ṣí, gáàsì á bá afẹ́fẹ́ lọ. Àwọn ìyá wa kò ka ìyẹn sí, nítorí bó ṣe ń hó lọ́wọ́ ni wọ́n ń bù ú mu. Ìgò ló dá gáàsì náà dúró.

Ẹni tó bá fẹ́ rọ ọ́ sígò, kó jẹ́ kí híhó ìkòkò rọlẹ̀ pátápátá ná, kí adùn rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lẹ́nu. Kó fi omi gbígbóná ṣan ìgò. Ìgbà yẹn ni ṣúgà kàn: fún ìgò bíà 60 cl, gíráàmù 4 ti tó, ìyẹn ṣíbí tíì kan tó tẹ́jú. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi kún un. Ìgò tí ṣúgà pọ̀ jù nínú rẹ̀ máa ń bú gbàmù, àfọ́kù rẹ̀ sì lè ba ojú èèyàn jẹ́. Ìgò bíà tó nípọn ni kí ẹ lò.

Ẹ rọ díẹ̀ sínú ike mínírà kan pẹ̀lú, kí ẹ dé gbogbo wọn pa, kí ẹ sì tò ó mọ́ àwọn ìgò. Lọ́jọ́ tí ẹ rọ ọ́, ìka yóò tẹ ike náà wọnú wẹ́rẹ́. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á máa ti ọwọ́ padà, títí yóò fi le gbagidi tí àtàǹpàkò kò ní ràn án mọ́. Àwọn tó ń pọntí nílé lókè òkun máa ń fún un ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, níbi tí ooru kò ju ìwọ̀n 20 sí 25 °C lọ. Yàrá tiwa gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ, iṣẹ́ náà sì ń yá. Ilé ọtí àwọn mọ́ńkì Westmalle àti Orval ní Bẹ́ljíọ̀mù náà ń fi ọgbọ́n jíjẹ́ kí ọtí ṣiṣẹ́ nínú ìgò yìí ṣe ọtí tí gbogbo ayé ń wá kiri.

Tí ike bá ti le, ẹ gbé àwọn ìgò sínú fìríìjì. Bí ẹ bá ṣí ọ̀kan, ẹ ó gbọ́ ìró rẹ̀, ìfòfó á sì rọra gun ọrùn ìgò. Ó ń ta ahọ́n, ó kan díẹ̀, òórùn àgbàdo sì ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ rọra dà á, kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ má bàa bá a jáde. Kíkan rẹ̀ kì í dúró sójú kan, nítorí náà kì í ṣe ọtí tí à ń tọ́jú di ọdún tó ń bọ̀.

Ẹ̀yin tí màmá yín ṣì mọ ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ í pọn, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n rọ ìgò mélòó kan sọ́tọ̀.